"Bàbá Sùn" àbí "Bàbá Kú"? Ohun tí Ilé Ọdẹ Onígbàgbọ́ Kọ́ Mi nípa Ọmọdé àti Ikú

Nígbà tí bàbá ìyá mi kú, ọmọ ọdún 16 ni mí, àbúrò mi tó kéré jù sì jẹ́ ọmọ ọdún 5. Àwọn àgbà ilé fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní kó má sunkún, pé Bàbá sùn ni. Ọmọ náà dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó kọ̀, kò sùn. Lọ́jọ́ kejì, ìyá wa fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lọ́sàn-án. Bó ṣe di ojú báyìí ni ọmọ figbe ta, tó ń fà á lápá pé kó dìde. Bí a ṣe bá a yí fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún nìyẹn. Àwọn kan ní Bàbá ló ń fara hàn án lóru. Àwọn kan ní ká gbàdúrà fún un.

Kò sí ohun tó ń fara hàn án. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló gbà gbọ́. Bàbá sùn, wọ́n gbé e sínú pósí, wọ́n bo ilẹ̀ mọ́ ọn. Ta ló tún fẹ́ sùn?

Nígbà tí a ṣe kọ́ọ̀sì ìmọ̀ ìtumọ̀ ní ọdún kẹta, tí a dé orí àdàpè ọ̀rọ̀, ọkàn mi padà sí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọdé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ gbangba nípa ikú kí ọ̀rọ̀ ìrètí tó lè wúlò fún un. Ilé tí mo dàgbà sí ní ọ̀rọ̀ méjèèjì, nítorí ọdẹ ni Bàbá, díákónì sì ni. Iṣẹ́ ọdẹ rẹ̀ la fi mọ "kú". Ìjọ la ti gbọ́ "àjíǹde". Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé bá wa gan-an, a gbàgbé èyí àkọ́kọ́, a sì gbé àdàpè fún ọmọdé.

Àdàpè ọ̀rọ̀ àti etí ọmọdé

Yorùbá kì í sọ pé ọba kú. Ọba wàjà ni. Àgbàlagbà papò dà, ó tẹ́rí gbaṣọ, ó jáde láyé, ó ṣaláìsí, ó dolóògbé. Onígbàgbọ́ sùn nínú Olúwa. Ẹni tó bá dédé sọ fún ìdílé olókùú pé "bàbá yín kú", a ó ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀kan nínú wọn wò. "Olóògbé" wá láti ara "oní" àti "oògbé". Oògbé yìí náà ló wà nínú "tòògbé", ohun tó máa ń ṣe wá nínú kíláàsì aago méjì ọ̀sán. Ẹni tó dolóògbé di ẹni tí oorun gbé lọ. Kì í ṣe èdè tiwa nìkan ló ń ṣe báyìí. Nínú èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, ọ̀rọ̀-ìṣe "koimáomai" túmọ̀ sí kí èèyàn sùn, wọ́n sì ń lò ó fún kí èèyàn kú pẹ̀lú. Láti ara rẹ̀ ni "koimētḗrion" ti jáde, ìyẹn ibi ìsùn, tí àwọn Onígbàgbọ́ fi ń pe ibi tí wọ́n ń sìnkú sí. Ọ̀rọ̀ yìí ló di "cemetery" lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Àdàpè dára fún àgbàlagbà nítorí ó mọ ohun tí wọ́n ń dà pè. Ó ti mọ "kú" kó tó gbọ́ "sùn", nítorí náà ó máa ń gbọ́ méjèèjì pa pọ̀: ó gbọ́ ìròyìn náà, ó sì gbọ́ pé ẹni tó ń sọ ọ́ bọ̀wọ̀ fún òun. Ọmọ ọdún 5 kò ní ju ìtumọ̀ kan lọ fún "sùn": ohun tí òun náà ń ṣe lálaalẹ́ lórí ẹní. Bí a bá sọ pé Bàbá sùn, kò sí ohun tí a dà pè fún un. Irọ́ la pa fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ló mú wa pa á. Ẹni tó ní ọmọ òun ń fẹ́wọ́, tí kò tíì fi ìgbà kan sọ ohun tí olè jẹ́ fún ọmọ náà, báwo ni ọmọ yóò ṣe mọ ohun tí wọ́n ń bá òun wí lé lórí?

Ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn ọdẹ

Abúlé Bàbá kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ní Òkè-Ògùn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kó wa lọ ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn. Lálẹ́, yóò so iná mọ́ iwájú orí, yóò gbé àpò àti ṣakabùlà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó di inú igbó. Èmi ọmọbìnrin kì í bá a lọ lóru. Òwúrọ̀ la máa ń rí ohun tó bá gbé bọ̀: ọ̀yà, òkété, ehoro. Lọ́jọ́ míràn, kò sí nǹkan kan, àfi ẹsẹ̀ tó kún fún ìrì.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ohùn ń yí ìtumọ̀ padà, kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń kọ́ ọ ní yunifásítì. Bí mo bá pe ọ̀rọ̀ ṣì, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní: "Ẹtu ni ẹran. Ẹtù ni ẹyẹ tí ẹ ń pè ní awó. Ẹ̀tù ni mo ń dà sínú ìbọn. Èwo lo wá ń bi mí nínú mẹ́ta?"

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 8, èmi àti rẹ̀ wà lóko lọ́sàn-án kan nígbà tí ẹtu kan yọ létí igbó. Ó ní kí n jókòó sẹ́yìn igi, kí n má mira. Ìbọn dún. Nígbà tó pè mí dé ibẹ̀, ẹran náà dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, ó máa dìde." Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ìhà ẹran náà. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò lù lábẹ́ rẹ̀. Ó ní: "Ó ti kú. Ohun tó bá kú kì í dìde rìn mọ́. Èmi ni mo pa á."

Mo sunkún. Kò ní kí n dákẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ wọ́ erùpẹ̀ bo ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀, ó jókòó tì mí títí mo fi ṣe tán, lẹ́yìn náà la gbé ẹran lọ sílé.

Gbólóhùn kúkúrú mẹ́ta ni Bàbá sọ. Ẹ wo gírámà wọn. "Kú" kò ní àbọ̀. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ni olùwà. "Pa" ní olùwà àti àbọ̀: ẹnì kan ṣe é, ó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Bàbá lè sọ pé ìbọn ló pa á. Ó lè sọ pé orí ẹran náà ló gbé e wá, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọdẹ kan ṣe máa ń wí. Ó fi ara rẹ̀ ṣe olùwà gbólóhùn náà. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹ̀mí tí èèyàn bá gbà, kó jẹ́wọ́ pé òun ló gbà á.

Àwọn nǹkan míràn wà tí a kọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni pè wá jókòó. Bàbá kì í yìnbọn sí ẹran tó bá rí pé ọmọ ń tẹ̀ lé. Ọjọ́ kan wà tó yìnbọn ba ìgalà kan, tí kò kú, tó sá wọgbó. Bàbá tọ ojú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Nígbà tí Màmá bi í pé nítorí ẹran kan ṣoṣo ni kò ṣe jẹun, ó ní kì í ṣe nítorí ẹran náà, pé òun kò lè fi ohun tí òun dá lóró sílẹ̀ kó máa jẹ̀rora nínú igbó. Bí ó bá sì kun ẹran tán, ilé tí yóò gbé e lọ máa ń pọ̀. Òwe sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó bá ro ìyà, tó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Síbẹ̀ ó ń fún wọn jẹ. Ní ti ìbọn, ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Kò sí àwàdà ńbẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, bí inú rẹ̀ bá dùn, yóò sun ìjálá díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka iṣẹ́ Adébóyè Babalọlá tó jáde ní 1966 lórí ìjálá mọ̀ pé oríkì ẹranko wà lára ohun tí ọdẹ ń sun. Wọ́n ń ki erin, wọ́n ń ki ẹfọ̀n, wọ́n ń ki ọ̀bọ pàápàá, wọ́n á sọ bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń jẹun, wọ́n á fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹran tí ọdẹ ń dọdẹ náà ló ń ki. Bí mo ṣe ń dàgbà ni mo rí i pé ọmọ tó bá gbọ́ oríkì ẹran kò ní fojú kékeré wo ikú ẹran.

Ìwé Mímọ́ lórí tábìlì kan náà

Ìbọn wà lára ògiri, Bíbélì wà lórí tábìlì abẹ́ rẹ̀. Ohun tí Bàbá ń ṣe nínú igbó, ó máa ń fi ìka hàn wá nínú ìwé náà nígbà àdúrà alẹ́. Jẹ́nẹ́sísì orí 9 ni ibi tí Ọlọ́run ti fún Nóà àti àwọn ọmọ rẹ̀ láyè láti jẹ ẹran lẹ́yìn ìkún omi, ṣùgbọ́n tí ó ní kí wọ́n má jẹ ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹ̀mí ẹran wà nínú rẹ̀. Léfítíkù orí 17 ni ibi tí wọ́n ti pàṣẹ fún ọdẹ ní Ísírẹ́lì pé tó bá pa ẹran tàbí ẹyẹ, kó da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fi erùpẹ̀ bò ó. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rántí ẹsẹ̀ Bàbá lórí erùpẹ̀ oko. Diutarónómì orí 22 ní bí èèyàn bá rí ìtẹ́ ẹyẹ, tí ìyá sàba lé ẹyin tàbí ọmọ, kó má kó ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ. Kó jẹ́ kí ìyá lọ. Nínú Mátíù orí 10, Jésù sọ̀rọ̀ ológoṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, síbẹ̀ tí ọ̀kan nínú wọn kì í jábọ́ kí Baba má mọ̀.

Ibi tó kàn wá jù lónìí ni Jòhánù orí 11. Lásárù kú. Jésù kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ àwọn sùn, òun ń lọ jí i. Kò yé wọn. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ó sùn, ara rẹ̀ máa yá nìyẹn. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n mọ̀ pé èèyàn ń fi "sùn" da ikú pè, síbẹ̀ ó rú wọn lójú. Ìgbà náà ni Jésù pa àdàpè tì, tó sọ ọ́ gbangba pé Lásárù kú. Kó tó dé ibojì, ó sunkún. Ẹ̀yìn èyí ló tó pe Lásárù jáde.

Ẹ kíyè sí bí ó ṣe tò ó: ó sọ ọ̀rọ̀ gbangba, ó sunkún, lẹ́yìn náà ni àjíǹde. Inú Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣáájú iṣẹ́ rẹ̀, tó jáde lódidi ní 1884, ni Bàbá ti ń kà á. Òṣogùn ni wọ́n bí Crowther, kò sì jìnnà sí Ìsẹ́yìn. "Sùn" àti "kú" wà níbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Pọ́ọ̀lù náà lo "sùn" nígbà tó ń kọ̀wé sí àwọn ará Tẹsalóníkà, ṣùgbọ́n àwọn tó ti sin òkú wọn, tí wọ́n ti mọ̀ pé wọ́n kú, ló ń bá sọ̀rọ̀. "Àjíǹde" fúnra rẹ̀, "jí" ló wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ kò bá mọ̀ pé ẹni tó kú kì í jí láàárọ̀, kí ni yóò rí nínú àjíǹde tó yàtọ̀ sí òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè?

Ọjọ́ ìsìnkú

Nígbà tí Bàbá kú, àríyànjiyàn díẹ̀ wáyé. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe ìpà ọdẹ, ètò tí wọ́n fi ń ya òkú ọdẹ kúrò láàrin àwọn ọdẹ alààyè, tí wọ́n sì ń sun ìrèmọ̀jé níbẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ ní ọ̀rọ̀ Ògún wà nínú rẹ̀, pé díákónì ni òkú. Bàbá ti mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí àwọn ọdẹ kí òun, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi òun bọ nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ìsìn parí, a dé ojúde ilé, àwọn ọdẹ yìnbọn sókè, àgbà ọdẹ kan sì sun ìrèmọ̀jé.

Mo dúró tì í, mo ń gbọ́. Ó pe Bàbá lórúkọ. Ó sọ fún un pé ó ti kú, pé àwọn yóò wọgbó lọ́la, àwọn kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó sunkún bó ṣe ń sun ún. Kò sí "sùn" níbẹ̀ rárá. Nínú ilé, oníwàásù ti sọ fún wa ní àárọ̀ pé ọ̀la ń bẹ. Ní ìta, ọdẹ sọ fún wa pé òní rèé. Èmi nílò méjèèjì lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi kò gbọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí wọ́n ti gbé e lọ sílé aládùúgbò kó má bàa rí i.

Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi

Ní ọjọ́ kẹfà, mo gbé e jókòó lẹ́yìn ilé. Mo bi í ìdí tí kò fi fẹ́ sùn. Ó ní, "Ìgbà wo ni Bàbá máa jí?"

Mo ní, "Ṣé o rántí ọ̀yà tí Bàbá gbé wálé nígbà ọdún Àjíǹde?" Ó ní òun rántí. "Ṣé ó jí?" Ó ní rárá, a jẹ ẹ́ ni. Mo ní, "Ó ti kú ni. Bàbá náà ti kú. Kò sùn. Ìwọ àti màmá wa lẹ ń sùn, ẹ̀ ń jí."

Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Ṣé wọ́n máa jẹ Bàbá?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú mi. Mo ní rárá, èèyàn kì í ṣe ẹran, sísin la máa ń sin èèyàn. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e le jù bẹ́ẹ̀ lọ: "Ta ló yìnbọn fún un?"

Nígbà náà ni mo mọ ibi tí ẹ̀kọ́ ọdẹ mọ. Ọmọ tó dàgbà sílé ọdẹ, gbogbo ohun tó rí tó kú, ẹnì kan ló pa á. Lójú rẹ̀, bí "kú" bá wà, "pa" ti ṣáájú. Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ fún un, yóò dàgbà, yóò máa wá ẹni tó pa bàbá rẹ̀ kiri nínú ẹbí. A sì mọ ilé tí irú ìwákiri bẹ́ẹ̀ ti tú ká. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó pa á. Bàbá darúgbó, àìsàn mú un, ara rẹ̀ kò lè gbé e mọ́, ó kú."

Ó ní, "Ṣé kò ní jí láéláé ni?" Ohun tí Ìjọ kọ́ mi ni mo fi dá a lóhùn. Mo ní kò ní jí lọ́la, kò ní jí nígbà Kérésìmesì. Mo ní a gbà gbọ́ pé Ọlọ́run máa jí i dìde lọ́jọ́ kan tí a kò mọ̀, ojú wa á sì rí i. Ó ní ọ̀yà ńkọ́? Mo ní n kò mọ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run rí i nígbà tó ṣubú. Ó sunkún fún ìgbà pípẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí i tó sunkún Bàbá. Ó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ́ ọmọdé

Púpọ̀ nínú wa kò ní bàbá tó ń ṣọdẹ, igbó sì ń tán. Ṣùgbọ́n adìyẹ ọdún wà, ajá ilé tó kú wà, ẹyẹ tó já sílẹ̀ lójúde wà. Bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ nílé tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹ lè ṣe báyìí:

1. Ẹ lo "kú" fún ohun tó bá kú, láti ìgbà tí ọmọ ti ń béèrè. Ẹ má dúró de òkú èèyàn kí ẹ tó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà.
2. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ ní ohun tó lè rí: kò mí mọ́, kò jẹun mọ́, kò gbọ́ ìrora mọ́.
3. Ẹ ya "kú" sọ́tọ̀ kúrò lára "pa".
4. Ẹ jẹ́ kó sunkún. Jésù sunkún.
5. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ sọ ìrètí tí ẹ ní fún un, kí ẹ sì sọ pé ìgbàgbọ́ yín ni.
6. Ẹ má fi ipá mú ọmọ wo ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Bí ó bá fẹ́ wò ó, ẹ dúró tì í.

N kò sọ pé ká pa àdàpè run. Bí mo bá ń kọ ìkéde ìsìnkú, "dolóògbé" ni n ó kọ, nítorí ọmọlúàbí ni Yorùbá. Ṣùgbọ́n àgbà la ṣe é fún.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Àdàpè wo ni wọ́n ń lò fún ikú ní ẹ̀ka-èdè yín? Ta ni wọ́n ń lò ó fún, ta ni wọn kì í lò ó fún?
2. Nígbà tí a bá ní "ikú pa á", ikú di olùwà "pa". Kí ni èyí ń sọ fún ọmọdé nípa ohun tí ikú jẹ́?
3. Ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n kọ́kọ́ fi sọ ti ikú fún ẹ̀yin fúnra yín? Kí ló yé yín nígbà náà?

Àbúrò mi ti pé ọmọ ọdún 11 báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ajá aládùúgbò wa kú, ọmọ wọn kékeré sì ń pè é kó dìde. Màmá mi ló sọ fún mi lórí fóònù pé àbúrò mi lọ bá ọmọ náà, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ìhà ajá náà.